Nígbà Tí Iná Pọ̀ Jù ní Ọ̀tà

Ọjọ́ kẹta tí mo dé Ọ̀tà ni wọ́n sọ mí di Ègùn. Obìnrin kan tó wà níwájú mi níbi tí a ti ń pọn omi ló gbọ́ ohùn mi, ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní, "Ègùn tó gba yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ Ìyá Ràfíù nìyẹn." Yorùbá ni mo fi kí wọn. Yorùbá ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Síbẹ̀ Ègùn ni mo jẹ́ lójú wọn, nítorí pé òdìkejì bọ́dà ni mo ti wá, ìró ọ̀rọ̀ mi sì ṣàjèjì sí etí wọn.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ìjọba ti ń fi èdè Faransé ṣe ohun gbogbo. Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn ìlú Yorùbá mọ̀ pé Kétu kì í ṣe ìlú àná. Nígbà tí mo gbé omi mi wọlé, mo jókòó sórí àpò aṣọ mi tí n kò tíì tú, mo sì pe ìyá mi.

"Wọ́n ní Ègùn ni mí."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Ṣé o sọ fún wọn pé ọmọ Alákétu ni ẹ́?"

"N kò sọ nǹkan kan. Omi ni mo ń pọn."

"Pọn omi rẹ," ó ní. "Ẹni tó bá pẹ́ níbi odò, wọn yóò mọ orúkọ rẹ̀."

Iṣẹ́ iná ni mo kọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wà nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Pọ́bẹ̀, èmi àti obìnrin mìíràn kan ṣoṣo láàárín àwọn ọkùnrin. A kọ́ nípa mọ́tò ńláńlá tí ń yí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, a ya àwòrán wọn títí wọ́n fi ń wọ ojú àlá mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sí Kétu, gílóòbù àti fáànù ni mo ń so kiri ilé onílé. Ohun tó gbé mi wá sí Ọ̀tà kò ju ìyẹn lọ. Mo fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí mo kọ́.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe paipu omi, lẹ́bàá títì Ìdíròkò, ni mo ti rí iṣẹ́. Ẹni tó gbà mí ni Ọ̀gá Múfútáù, olórí àwọn oníná níbẹ̀. Àgbàlagbà ni, ọmọ bíbí Ọ̀tà, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi mọ́tò kan tó ti kú hàn mí lórí tábìlì, ó ní kí n sọ ohun tó pa á. Mo tú ìdérí rẹ̀, mo wọn wáyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ibi tí ara wáyà kan ti jóná nínú lọ́hùn-ún hàn án.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Àwọn olùkọ́ mi ní Pọ́bẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Máa bọ̀ lọ́la. Má wọ sálúbàtà wá."

Mo rò pé ìṣòro ti tán. N kò mọ̀ pé orúkọ gbogbo irinṣẹ́ ni mo ní láti tún kọ́. Ohun tí mò ń pè ní túnẹ̀fíìsì, skúrúdíráfà ni níbí. Ohun tí mò ń pè ní pẹ́ǹsì, púláyà ni. Kódà iná gan-an, kúráàn là ń pè é nílé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo máa ń sáré kó irinṣẹ́ tí kì í ṣe èyí tí wọ́n ní kí n mú wá, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ á sì bú sẹ́rìn-ín. "Madam Kùtọnú," wọ́n á ní, "na wetin you carry come so?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Bí mo bá dé ilé, n kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Èyí tó nira jù ni ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Gẹ̀ẹ́sì ni Máníjà ń sọ níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Bí àwọn tó kù bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń rẹ́rìn-ín tẹ̀lé wọn, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí tèmi tó dé. Ní ọjọ́ kan, èmi nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹni tó kú ni wọ́n ń sọ.

Ọjọ́ Àìkú tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ojú Ọrẹ ni mò ń gbé. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ni yóò máa kọrin yí yàrá mi ká lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo àdúgbò á wọ aṣọ jáde, èmi á sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà, n ó máa fọ aṣọ iṣẹ́ mi. Ìyá Ràfíù, onílé mi, a máa gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá fún mi láìbéèrè ohunkóhun. Obìnrin dáadáa ni. Ṣùgbọ́n òun náà, bó bá ń fi mí han àlejò, a ní, "Ọmọ Ègùn mi nìyí."

"Ṣé wọ́n ń gbọ́ ohun tó ò ń sọ níbẹ̀ yẹn?" ìyá mi bi mí ní ọjọ́ Àìkú kan.

"Wọ́n ń gbọ́ ọ, Ìyá. Wọn kàn kì í fetí sí i ni."

Mo máa ń ronú lórí bọ́dà yẹn. Ìyá ìyá mi ní oko ní Ìlárá, ebè rẹ̀ kan wà ní ìhín, òmíràn wà lọ́hùn-ún, iṣu tó ń wà nínú méjèèjì kò yàtọ̀. Àwọn tó fa ìlà sáàárín wọn kò bi í léèrè. Wọ́n fi Faransé sí ẹnu tiwa, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sí ẹnu àwọn ará Ọ̀tà, ìgbà tí a sì tún pàdé lẹ́nu ẹ̀rọ omi, a ń wo ara wa bí àlejò. Mo mọ gbogbo èyí. Mímọ̀ ọ́n kò sọ pé kí ó má dunni.

Ó tó ọdún kan tí mo ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé tiransifọ́mà tuntun dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ilé iṣẹ́ náà ṣe rí. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló ń tẹ paipu jáde. Mọ́tò ló ń yí wọn, mọ́tò kọ̀ọ̀kan sì ní àpótí tirẹ̀ lára ògiri, tó ń pàṣẹ fún un bí yóò ṣe sáré tó. Dúráífù ni à ń pe àpótí náà. Tẹ́lẹ̀, tiransifọ́mà kékeré kan tó wà nítòsí géètì ló ń fún gbogbo wọn níná, láti ọ̀nà jíjìn, nínú wáyà gígùn. Nígbà tí Máníjà fẹ́ fi ẹ̀rọ méjì kún un, ó ra tiransifọ́mà ńlá, ó fi í sí ẹ̀yìn ògiri yàrá àpótí wa gan-an. Tiransifọ́mà àtijọ́ wà níbi tó wà, wọ́n kàn yọ wáyà rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ tí a tan tuntun, gbogbo gílóòbù mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán gangan. Àwọn oníṣẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, dúráífù kan kú. Ọ̀gá Múfútáù pààrọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òmíràn kú.

"Ayédèrú ni wọ́n ń tà fún wa," Ọ̀gá ní.

Ẹ̀kẹta kò kú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀sán ni. Ọ̀gá Múfútáù máa ń jókòó sórí àpótí ìjókòó kan níwájú pánẹ́ẹ̀lì láti jẹun, pánẹ́ẹ̀lì ni kọ́bọ́ọ̀dù irin tí dúráífù wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìṣí i, ó ní òun ń lọ kírun Àìlà ná. Kò tíì parí àlùwàlá nígbà tí nǹkan dún gbàmù. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ilẹ̀kùn irin pánẹ́ẹ̀lì tó já kúrò lára ìdè rẹ̀, tó fò, tó sì fi ẹ̀gbẹ́ gbá àpótí ìjókòó Ọ̀gá sí méjì. Èéfín dúdú kún yàrá. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́.

Ọ̀gá sáré dé pẹ̀lú omi lójú àti lápá. Ó wo ìjókòó rẹ̀. Ó wo abọ́ oúnjẹ rẹ̀ tó ti di pẹlẹbẹ. Ó fi ọwọ́ kan ògiri.

Máníjà kò bèèrè ohun tó fà á. Orúkọ ẹni tó fà á ló bèèrè.

"Ta ló fọwọ́ kan pánẹ́ẹ̀lì yìí kẹ́yìn?"

Èmi ni. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo fún àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí Ọ̀gá ṣe ní kí n ṣe.

"Mo ti sọ fún yín, Bàbá Múfú," Máníjà ní, kò tilẹ̀ wojú mi. "Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n kọ́ wọn ní Kùtọnú. Kí ó lọ sílé ná. Bí a bá nílò rẹ̀, a ó pè é."

"Èmi ni mo rán an níṣẹ́," Ọ̀gá ní.

"Kí ó lọ sílé ná, sà."

Mo lọ kó ẹrù mi. Ọ̀gá Múfútáù tẹ̀ lé mi wọ yàrá ìkẹ́rùsí, ó kàn ń sún páálí kiri. Inú ọ̀kan lára àwọn páálí náà ni dúráífù wà nígbà tí wọ́n rà á. Mo bi í pé ìwé tó bá a wá ńkọ́. Ó ní ẹnìkan ti mú un lọ tipẹ́, kò dá a padà. Mo ti ọwọ́ bọ páálí. Ìwé kan wà nísàlẹ̀, nínú ọ̀rá, tí kò tíì sí ẹni tó tú u rí.

"Ìyẹn ò wúlò," Ọ̀gá ní. "Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì."

Faransé ni.

Ọ̀gá ní kí n mú un lọ. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi ní Ojú Ọrẹ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo fi eyín ya ọ̀rá rẹ̀. Ó ti ju ọdún kan lọ tí mo ti ka Faransé kẹ́yìn. N kò fẹ́ràn èdè yẹn rí. Ẹgba ni wọ́n fi kọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí àyè rẹ̀ nínú orí mi, kò sí èyí tí mo ní láti sáré lé. N kì í ṣe ẹni tí ń lọ́ra mọ́. Mo tún di ẹni tó mọ̀wé.

Ìwé náà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní bí tiransifọ́mà bá tóbi ju dúráífù lọ fíìfíì, tó sì sún mọ́ ọn, kí wọ́n má so wọ́n pọ̀ lásán. Kí wọ́n fi réákítọ̀ sáàárín wọn, ìyẹn wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ irin, tí ń dá iná dúró díẹ̀ kó tó wọlé, kó má baà ba inú àpótí jẹ́. Ó ní kí wọ́n lo irú fíúùsì kan báyìí, tó yára já. Ó wá kọ ìwọ̀n iná tí àpótí náà lè fara dà bí wáyà inú rẹ̀ bá ṣọ́ọ̀tì, ìyẹn bí wáyà méjì bá fara kanra, ó ní bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àpótí lè bẹ́. Tiwa kò ní réákítọ̀. Kò ní fíúùsì yẹn. Mo fi bírò ṣe ìṣirò iná tí tiransifọ́mà tuntun lè tú sí i, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìlọ́po méjì ju ohun tí àpótí náà lè gbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́nu géètì títí Ọ̀gá Múfútáù fi dé. A jókòó sórí páálí lẹ́bàá ògiri. Mo ń ka Faransé, mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá.

"Sọ ọ́ kí ó yé mi," ó ní. "Iná ilé kan náà ni. Báwo ló ṣe wá ń pa nǹkan tí kì í pa tẹ́lẹ̀?"

"Paipu là ń ṣe níbí, sà. Bí paipu bá bẹ́ nílé tó jẹ́ pé táǹkì kékeré ló ń fún un lómi, omi á tú díẹ̀, a ó gbálẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ odò Ògùn ló wà lẹ́yìn paipu yẹn ńkọ́? Ihò kan náà ni. Omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló yàtọ̀. Tiransifọ́mà tẹ́lẹ̀ kéré, wáyà rẹ̀ gùn. Tuntun yìí, odò la gbé sẹ́yìn ògiri."

Ó ní, "Tún ibi fíúùsì yẹn kà." Mo tún un kà. Ó dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. "Ó yá. Èmi ni yóò mú ẹ wọlé."

Máníjà kọ́kọ́ kọ̀ láti gbọ́. Ọ̀gá Múfútáù, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní, "Orí mi ni ilẹ̀kùn yẹn ìbá gbá. Ẹ gbọ́ ọ." Máníjà mú fóònù rẹ̀, ó ya fọ́tò ojú ìwé náà, ó ní kí fóònù túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Mo dúró. Ojú rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lórí gíláàsì fóònù náà. Nígbà tó gbé orí sókè, èmi ló wò.

"Ṣé o fẹ́ sọ pé kí a dá tiransifọ́mà tuntun padà ni?"

"Rárá, sà. Kí a fi réákítọ̀ ṣáájú àwọn dúráífù ńlá. Kí a ra fíúùsì tí ìwé sọ fún gbogbo wọn."

"Àwọn kéékèèké ńkọ́?"

N kò tíì ronú dé ibẹ̀. Ọ̀gá Múfútáù ló dáhùn. "Tiransifọ́mà àtijọ́ ṣì wà lẹ́nu géètì. Kí ó máa fún àwọn kéékèèké níná bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti mọ ara wọn."

Mo wo ọ̀gá mi. Kò ka ojú ìwé kan, ó sì sọ ohun tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀.

Máníjà gbà, ó sì dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí réákítọ̀ dé, ọjọ́ mẹ́ta la fi ti ilé iṣẹ́ pa. Èmi ni mo ya àwòrán, èmi ni mo ń pe ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan yóò lọ, àwọn ọkùnrin tó ń fi mí rẹ́rìn-ín ń fa wáyà. Bí mo bá gbàgbé tí mo ní "túnẹ̀fíìsì", ẹnìkan á na skúrúdíráfà sí mi láìbéèrè. Ní ọjọ́ kẹta, Ọ̀gá Múfútáù fi ọwọ́ mi sórí ohun ìtanná ńlá tí ń fún gbogbo ẹ̀rọ níná. "Tan án," ó ní. Ó fúnra rẹ̀ dúró níwájú pánẹ́ẹ̀lì, kò sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mọ ohun tí ó ń sọ fún mi nípa ìdúró yẹn. Mo tan án. Ẹ̀rọ mẹ́jọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, paipu bẹ̀rẹ̀ sí yọ.

Mo pe ìyá mi nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

"Dúró ná," ó ní. "Ṣé kí iná má baà pọ̀ jù lo ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ní Nàìjíríà?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá ní kí ló ṣe mí, mo sọ fún un, òun náà sì ki orí bọlẹ̀ lórí abọ́ rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ìṣẹ́gun tòótọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Nígbà òjò, aláǹgbá kan wọ inú pánẹ́ẹ̀lì gba ihò tí wáyà gbà wọlé, ó sì fi ara kan wáyà méjì lẹ́nu dúráífù. Ṣọ́ọ̀tì gan-an nìyẹn, irú èyí tó fọ́ ìjókòó Ọ̀gá. Mo wà láàárín yàrá. Ohun tí mo gbọ́ kò ju tá lọ, bí ẹni ṣẹ́ igi ìdáná. Ẹ̀rọ kan dúró. Méje tó kù ń bá iṣẹ́ wọn lọ. A ṣí ilẹ̀kùn: fíúùsì ti já, dúráífù kò ní àbàwọ́n kankan. Aláǹgbá nìkan ló kú. A pààrọ̀ fíúùsì, a dí ihò, ẹ̀rọ sì dìde.

Ọ̀gá Múfútáù fi púláyà mú aláǹgbá náà, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì Máníjà, ó tẹ́ ẹ sórí bébà níwájú rẹ̀. "Ohun tó fọ́ ilẹ̀kùn ọjọ́ sí kò ju irú èyí lọ," ó ní. "Ọmọ yìí ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín."

Máníjà jáde wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Níṣojú gbogbo oníṣẹ́, ó ní òun ṣẹ̀ mí, kí n má bínú. Yorùbá ló fi sọ ọ́, ó sì rọra sọ ọ́.

Wọ́n ní ilé iṣẹ́ kejì ní Àtàn-Ọ̀tà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rán mi lọ síbẹ̀ láti yẹ pánẹ́ẹ̀lì wọn wò, kí n sì kọ́ àwọn oníná ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án ló dúró dè mí, apá wọn ká mọ́ àyà. Mo kí wọn. Ọ̀kan lára wọn gbọ́ ohùn mi, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Madam, ibo lẹ ti wá?"

"Ọ̀tà," mo ní.

Mo dáhùn kí n tó rò ó. Òótọ́ sì ni. Ọ̀tà ni mo ti jí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọkùnrin náà mi orí, ó gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn kí n lè kọjá. Mo ní kí wọ́n pa iná, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn pánẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sì sún mọ́ mi dáadáa.